Bu Ninuk àti Ọ̀rọ̀ Kan Tó Pa Èèyàn Mẹ́ta

Ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ lórí bọ́ílà kejì, ìkòkò irin ńlá tó ń sọ omi di oru, ní ilé iṣẹ́ ṣúgà Sumberlegi ní erékùṣù Jáfà gùn tó ojú ewé mọ́kànlélógójì. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pá irin tó ti jẹrà, nípa ìpẹ́pẹ́ funfun tó dì mọ́ inú ìkòkò, nípa omi tó tán nínú rẹ̀ nígbà tí iná ṣì ń jó lábẹ́. Ó to orúkọ àwọn mẹ́ta tó kú. Ninuk Prihatini kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e sílẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó pa àwọn èèyàn náà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni "nggih."

Kò sí ọmọ Jáfà tí kò mọ̀ ọ́n. Òun ni "bẹ́ẹ̀ ni" tí ọmọdé fi ń dá àgbà lóhùn, tí òṣìṣẹ́ fi ń dá ọ̀gá lóhùn, pẹ̀lú orí tó tẹ̀ díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé mo gbọ́ ohun tí ẹ wí, tàbí pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. "Rárá" náà wà. "Mboten" ni wọ́n ń pè é, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í fi dá ọ̀gá lóhùn, àfi tí ọ̀gá bá ń fi oúnjẹ kún oúnjẹ fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ílà bú gbàmù, Ninuk ni igbákejì olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó bọ́ílà. Ọmọ ilé iṣẹ́ náà gan-an ni. Bàbá rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń kó ìrèké láti oko, fèrè ilé iṣẹ́ ló sì ń jí i lọ sí ilé ìwé. Obìnrin àkọ́kọ́ tó di ẹnjiníà níbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń mú àwọn àlejò láti olú ilé iṣẹ́ ní Surabaya yí ká. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bọ́ílà, ó gbé ohùn sókè kí ó lè borí ariwo.

"Pak Jas, gíláàsì yẹn ṣì dára, àbí?"

Gíláàsì náà ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń wo bí omi ṣe pọ̀ tó nínú ìkòkò. Jaswadi, tí wọ́n ń pè ní Pak Jas (Pak ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin, Bu fún obìnrin), ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nídìí bọ́ílà. Ó wo àwọn àlejò, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Nggih, Bu."

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí òrùlé ilé bọ́ílà fi lọ balẹ̀ sínú oko ìrẹsì tó wà lódì kejì ọ̀nà. Jaswadi kú, àwọn méjì tó ń koná pẹ̀lú rẹ̀ sì kú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí pe Ninuk. Wọ́n ní ṣé ó béèrè lọ́wọ́ Jaswadi. Ó ní òun béèrè. Wọ́n ní kí ló fèsì. Ó ní, "Ó ní nggih." Akọ̀wé sì kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ náà fi dá ọ̀gá rẹ̀ lójú pé kò sí ohun tó ṣe gíláàsì. Ọmọ Jáfà ni akọ̀wé yẹn. Ó mọ ohun tí nggih jẹ́, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ninuk náà mọ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Báyìí ni ẹ̀bi ṣe bá òkú lọ sí sàréè.

Ọ̀gá àgbà tuntun dé láti Surabaya, Pak Gunarso, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ kì í rí eruku. Ó pe Ninuk sí ọ́fíìsì.

"Bu Ninuk, a máa ra irin tuntun. Ìyẹn rọrùn. Ìwà àwọn èèyàn yìí ni Surabaya fẹ́ kó yí padà kí iṣẹ́ lílọ ìrèké ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Oṣù mẹ́fà ló kù. Ṣé ó yé yín?"

"Nggih, Pak," ni Ninuk wí. Ìgbà tó dé ìta ló tó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu òun.

Bọ́ílà kẹta àti ìkẹrin kò kéré sí èkejì lọ́jọ́ orí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà náà, wọ́n máa koná sí wọn. Tí ohun kan bá bàjẹ́ nínú wọn, ẹni tó wà nídìí iná ló máa kọ́kọ́ rí i. Tí ẹni yẹn bá tún ní nggih, sàréè mìíràn ni. Gbogbo ohun tó wà lọ́rùn Ninuk kò ju èyí lọ: kí ẹnìkan ṣoṣo nínú ilé bọ́ílà lè la ẹnu kó sọ pé mboten.

Ohun tí Surabaya ní kí ó ṣe ló kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ta aṣọ àkọlé sára ògiri: Ààbò Ni Àkọ́kọ́. Olùkọ́ kan wá láti Jakarta, ó fi ọjọ́ méjì sọ̀rọ̀, ó bi àwọn òṣìṣẹ́ bóyá ó yé wọn. Ọgọ́sàn-án èèyàn ní nggih lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n buwọ́ lùwé, wọ́n gba páálí ìpanu, wọ́n lọ. Ninuk gbé àpótí kan sẹ́nu ọ̀nà ibi ìjẹun, kí ẹni tó bá rí ewu kọ ọ́ sínú ìwé láìsí orúkọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ó bá ìdí sìgá mọ́kànlá nínú rẹ̀ àti ìwé pélébé kan: "Bu, tahu inú páálí ìpanu yẹn ti kan."

Ó pààrọ̀ ẹni tó ń gbé tahu, wàrà tí wọ́n fi sóyà ṣe, wá. Oṣù kejì, ìwé pélébé kan ló tún wà níbẹ̀: "Ẹ ṣé fún tahu." Kò sí nǹkan míì.

Opó Jaswadi, Bu Marsiti, ń ta ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ọlọ́bẹ̀ ẹ̀pà lẹ́nu géètì. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Ninuk ń gba ẹ̀yìn wọ ilé iṣẹ́ kó má bàa gba iwájú rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó lọ jókòó síbẹ̀.

"Ata púpọ̀ àbí díẹ̀, Bu?"

"Díẹ̀."

"Ẹni tó bá ní nǹkan tó fẹ́ béèrè ló máa ń ní díẹ̀. Ẹ béèrè."

Ninuk wo ewé tó wà níwájú rẹ̀. "Ṣé Pak Jas mọ̀ pé gíláàsì yẹn kò dára mọ́?"

"Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló ti sọ fún mi. Ó ní omi inú rẹ̀ kò jó mọ́. Ó sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó sọ fún àwọn adìyẹ nígbà tó ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀yin nìkan ni kò sọ fún."

"Kí ló dé?"

"Báwo lẹ ṣe bi í?"

Ninuk tún ìbéèrè náà sọ bó ṣe bi í lọ́jọ́ yẹn. Marsiti bu ọbẹ̀ lé ìrẹsì, ó sì gbé e fún un.

"Ẹ ti fi èsì sí i lẹ́nu kẹ́ ẹ tó bi í. Ẹ dúró ti àlejò. Tó bá ní mboten, ẹ̀yin ni ojú máa tì. Ọkọ mi kì í dójú ti èèyàn, Bu. Ẹ̀kọ́ ilé ló pa á. Ẹ jẹun, kó má tutù."

Nídìí bọ́ílà tó ń hó, omi inú gíláàsì kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó máa ń mì lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń koná a sì máa sọ pé ó ń jó. Tí ojú ihò tí omi ń gbà wọ inú rẹ̀ láti inú ìkòkò bá dí, omi tó ti wà nínú rẹ̀ á dúró sójú kan. Ẹni tó bá wò ó á rò pé ìkòkò kún, nígbà tí inú ìkòkò ń gbẹ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ninuk pe gbogbo olórí ẹ̀ka jọ.

"Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má bi òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè tí nggih lè dáhùn. Kò sí 'ó dára, àbí?' mọ́. Kò sí 'ṣé ẹ ti ṣe é?' Kí lẹ rí, mélòó, ibo: ohun tí a ó máa béèrè nìyẹn. Ẹni tó bá gbàgbé máa gun àtẹ̀gùn bọ́ílà fúnra rẹ̀, á sì wá sọ ohun tó rí fún wa."

Àtẹ̀gùn náà jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, ooru abẹ́ páànù òrùlé sì ń bó èèyàn láwọ̀. Sudarmo, olórí ilé ọlọ, na ọwọ́.

"Bu, ṣé kí n má tún bi ìyàwó mi bóyá oúnjẹ ti jinná?"

"Ẹ bi í pé kí ló kù tí kò tíì wọ ìkòkò."

"Á ní orí mi ló kù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Sudarmo gun àtẹ̀gùn nígbà mẹ́sàn-án. Ninuk fúnra rẹ̀ gùn ún nígbà mẹ́rin, nítorí èèyàn kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ahọ́n tó ti ń lò fún àádọ́ta ọdún sílẹ̀. Àwọn tó ń koná ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń kà á fún wọn láti ìsàlẹ̀: "Ó ku mẹ́rìndínlógún, Pak. Ẹ rọra, ọ̀run kò jìnnà mọ́." Ẹ̀rín pọ̀. Bóyá ohun kankan ti yí padà lábẹ́ ẹ̀rín náà, kò sẹ́ni tó lè sọ.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ ọdún bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ ìgbéyàwó ìrèké. Wọ́n yan ọ̀pá ìrèké méjì tó dára jù lóko, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ ọkọ àti ìyàwó, wọ́n sì gbé wọn wá sílé ọlọ pẹ̀lú òdòdó. Tí fèrè bá dún, tọkọtaya náà ló máa kọ́kọ́ wọ ẹnu ọlọ. Ọkọ̀ ìrèké ti tò dé títì ńlá. Bupati, olórí àgbègbè náà, ti wà lórí àga rẹ̀ níwájú láti aago mẹ́sàn-án.

Ninuk, nínú aṣọ bàtíìkì rẹ̀, dé akoto, ó sì gun òkè lọ bá Ngatmin nídìí bọ́ílà kẹta. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Ngatmin, ojú rẹ̀ sì mú ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ.

"Pak Min, kí lẹ rí?"

Ngatmin tún wo gíláàsì. Ó fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Mboten, Bu."

"Mboten kí ni?"

"Tọ̀tún. Omi rẹ̀ kò jó."

Ninuk wò ó. Gíláàsì méjì ló wà níbẹ̀. Omi inú ti òsì ń mì díẹ̀. Ti ọ̀tún dúró bí omi inú ife lórí tábìlì. Ó dá a lójú, kò sì dá a lójú.

"Ẹ dá iná dúró," ló wí.

Àwọn méjèèjì kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Pak Gunarso fi yọ sí wọn nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Bu, fèrè dà? Bupati ti wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ọ̀kan nínú gíláàsì méjèèjì kò ṣeé gbà gbọ́, Pak. A ti dá iná dúró."

"Ta ló ní kò ṣeé gbà gbọ́?"

Kí Ninuk tó sọ̀rọ̀, ọ̀gá àgbà ti rí bí Ngatmin ṣe ń ká àkísà mọ́ ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Pak Min. Ẹ ti pẹ́ níbí ju gbogbo wa lọ. Gíláàsì yẹn dára, àbí?"

Ngatmin wo ilẹ̀. Ara rẹ̀ kéré lójú wọn.

"Nggih, Pak."

"Bu Ninuk, ẹ ti gbọ́."

"Mo gbọ́. Ó ti kọ́kọ́ sọ nǹkan míì fún mi, ìyẹn ni mo sì mú." Ó na ọwọ́ sókè. "Ìbéèrè tí nggih lè dáhùn lẹ bi í, Pak. Àtẹ̀gùn nìyẹn."

Pak Gunarso wo àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dókè, ó wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ ò mọ ẹni tó jókòó níta ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ kí iná jó, ẹ kọ ọ́ síwèé kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú, màá sì kó gbogbo èèyàn kúrò níbí kó tó jó."

Kò kọ ọ́. Ó yí padà, ó sì jáde.

Ọkọ àti ìyàwó ìrèké wà nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta títí ewé wọn fi rọ. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ní àmì burúkú ni. Bupati jẹun, ó kí ọ̀gá àgbà kú iṣẹ́, ó lọ. Nínú ilé bọ́ílà, wọ́n ṣí ẹnu ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì ọ̀tún. Oru tú jáde fìì, ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ sì bá a jáde, kò kún ṣíbí kékeré. Nígbà tí wọ́n ti ihò náà pa, omi padà wọ inú gíláàsì, ó sì ń jó.

Sudarmo fi ìka tọ́ ìyẹ̀fun náà. "Irú èyí, ojoojúmọ́ ló ń jáde, Bu."

"Ṣé ó tó láti dí i?"

"Ẹ gun àtẹ̀gùn," ni Sudarmo wí, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. "N kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́."

Fèrè dún ní aago kan kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, Pak Gunarso bi Ninuk ní ọ́fíìsì pé ihò náà dí tàbí kò dí.

"N kò mọ̀, Pak."

"Odindi bupati ni mo fi jókòó sínú oòrùn nítorí 'n kò mọ̀'?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní kí ó kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Surabaya, kí ó sì fi orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí i. Ó fi kún un pé tí iṣẹ́ ọdún yìí bá parí, ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Surabaya ni wọ́n máa gbé e lọ, níbi tí kò sí iná. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ninuk lọ kọ ìròyìn náà. Ó kọ ìbéèrè tòun àti èsì rẹ̀. Ó kọ ìbéèrè ọ̀gá àgbà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ó sì kọ nggih sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kù kó buwọ́ lù ú, ó fi ìlà kan kún un: "Bí ọ̀gá àgbà ṣe bi Ngatmin ni èmi náà ṣe bi Jaswadi ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ohun tí mo buwọ́ lù níwájú ìgbìmọ̀ kò pé." Ó fi ránṣẹ́. Surabaya kò fèsì.

Ngatmin wá bá a lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó di fìlà rẹ̀ mú níwájú àyà.

"Bu, ẹ gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ka ọkọ̀ ìrèké."

"Ojú yín ni mo nílò níbí, Pak Min."

"Níbẹ̀ yẹn, tí mo bá ṣì í kà, ọkọ̀ kan ló sọnù."

"Nígbà tí ọ̀gá bi yín lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ rí?"

"Bàtà rẹ̀," ni Ngatmin wí. "Mo rò pé tí mo bá ní mboten, òun ni màá sọ di ẹlẹ́yà níwájú yín. Tí mo bá ní nggih, ẹ̀yin ni. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin máa dárí jì mí."

Ninuk jẹ́ kó lọ. Kò rí ọ̀rọ̀ tí ó lè fi dá a dúró tí kò ní jẹ́ àṣẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú jù nínú ilé bọ́ílà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọkọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí iṣẹ́ ọdún ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ tí Ninuk kò kọ́kọ́ kíyè sí. Ó bi àwọn tó wà nídìí bọ́ílà kẹrin pé kí ni wọ́n rí. "Omi ń jó, Bu." Ó bi ẹgbẹ́ ọ̀sán. "Omi ń jó, Bu." Ìdáhùn náà ń dé kó tó béèrè tán, pẹ̀lú orí tó tẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan níbi ìjẹun, ó bi obìnrin tó ń bu oúnjẹ pé kí ló wà nínú ìkòkò, obìnrin náà ní, "Omi ń jó, Bu," gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Kò lè jẹ oúnjẹ náà tán.

Ó dìde, ó lọ sí bọ́ílà kẹta. Wagiman, tó gba ipò Ngatmin, wà nísàlẹ̀, ó ń ti pàǹtí ìrèké sínú iná.

"Pak Man, kí lẹ rí?"

"Omi ń jó, Bu."

Ninuk rìn lọ dúró sáàárín rẹ̀ àti àtẹ̀gùn. "Nínú gíláàsì méjèèjì, èwo ló ń jó ju èkejì lọ?"

"Ti òsì." Ó dúró. "Àbí ti ọ̀tún." Ó gbé ọ̀pá tó fi ń ti pàǹtí sílẹ̀. Iná ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ninuk kò ràn án lọ́wọ́.

"N kò tíì wò ó láti àárọ̀, Bu."

Ninuk kò mọ̀ bóyá kí òun pariwo mọ́ ọn tàbí kí òun dúpẹ́. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá. Láti àárọ̀ ni iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò wò.

"Ẹ ṣé," ló wí, ó sì yà fún un kó lè gòkè.